Ewé Tó Ń Fa Májèlé Nínú Ilẹ̀: Ibo Lẹ Ti Já Tiyín?

Ọ̀rọ̀ ewé la fẹ́ sọ lónìí.

Ọ̀rúnmìlà ra ẹrú lọ́jà, ó ní kó lọ ro oko. Ẹrú dé oko, kò gé nǹkan kan. Ó ní èyí ń wo ibà, èyí ń wo inú rírun, èyí ń jẹ́ kí àgàn bímọ. Èwo ni kí òun wá gé níbẹ̀? Ọ̀sanyìn ni ẹrú náà. Ohun tí èmi máa ń rí nínú ìtàn yìí ni pé inú oko ni Ọ̀sanyìn dúró sí tó fi sọ iṣẹ́ ewé. Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀ tí ewé ti hù. Àwa ńkọ́?

Ilẹ̀ Iba àti Ọ̀jọ́ wa yìí kò rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọjà Àlàbá ò jìnnà sí wa. Ní 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network láti Amẹ́ríkà wá ṣèwádìí, wọ́n ní nǹkan bí 500 kọ̀ntánà ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọ Èkó lóṣooṣù, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì ṣeé tún ṣe. Irú èyí, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á dáná sun wáyà rẹ̀ kí bàbà lè yọ. Bàbà wọ àpò, eérú wọ ilẹ̀. Òjé wà nínú eérú yẹn (òjé tí àwọn ọlọ́bàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́, tí kì í ṣe ohun jíjẹ), dioxin wà níbẹ̀, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń dènà iná nínú ike tẹlifíṣọ̀n náà wà níbẹ̀. Wọn kì í rà bọ̀rọ̀.

Èmi tí mo ka ìtàn ní yunifásítì kò lè gbàgbé Koko, ní ìpínlẹ̀ Delta òde òní. Ní 1988 ni àṣírí tú pé wọ́n kó dírọ́ọ̀mù májèlé láti Ítálì wá síbẹ̀, PCB wà nínú rẹ̀. Ìjọba ní kí wọ́n kó o padà, ó sì ṣe òfin tó de irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà gan-an. Ti Koko, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e lọ. Èyí tó ti wọ erùpẹ̀ Ọ̀jọ́, ta ni yóò gbé e?

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí bóyá ewé lè wẹ̀ ẹ́. Ó lè ṣe díẹ̀. Kẹ́míkà bíi PCB, epo ló ń bá rìn, kì í bómi lọ, ìdí nìyí tí gbòǹgbò ọ̀pọ̀ ewé kì í fi lè fà á. Àmọ́ àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà rí i pé ẹ̀yà elégédé kan yàtọ̀: ó ń fa PCB àti DDT nínú ilẹ̀, ó ń gbé e gòkè sínú ìtàkùn àti ewé. Elégédé o! Ní ti epo ẹ́ńjìnnì tó dà sílẹ̀, koríko ló wúlò: àwọn kòkòrò tí ojú kò rí máa ń pọ̀ nídìí gbòǹgbò rẹ̀, àwọn ló ń jẹ epo náà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni o, ibi tí gbòǹgbò bá sì dé ni ìwẹ̀ dé.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Elégédé kò pa májèlé yẹn, ó kàn gbé e ni. Ó dà bí ìgbà tá a fi nǹkan ra ara aláìsàn, tá a gbé e lọ sí oríta. Ṣé a tún máa ń gbé e padà wálé wá sè jẹ? Tẹ̀tẹ̀ náà ń fa òjé àti cadmium sínú ewé rẹ̀. Fífọ̀ kò lè yọ ọ́, síse kò lè pa á. Ìyá tó gbin ẹ̀fọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn, ó lè má mọ̀. Awo tó já ewé àgbo ọmọ níbẹ̀ ńkọ́? Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sì sí ọfọ̀ tá a máa pè sí i tó máa sọ ọ́ di oògùn.

Lọ́dọ̀ tèmi, a kì í já ewé níbi tí wọ́n ti ń sun wáyà, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà mẹkáníìkì, tàbí létí gọ́tà. Ẹni tó bá fẹ́ fi elégédé wẹ ilẹ̀, kó kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò, torí ojú lásán kò lè rí òjé. Kó ṣọgbà yí i ká, kí ewúrẹ́ má jẹ ẹ́, kí aládùúgbò má ká èso rẹ̀. Tó bá hú u, kó má sun ún, kó má sì dà á sí ààtàn, májèlé á kàn padà sílé ni. Kó dì í sínú àpò, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn LASEPA ibi tó yẹ kó gbé e lọ.