Ta Ni Bọ́tìnnì Náà Ń Pè?

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Sọ́fítíwíà ni mò ń kọ l'Ékòó. Ìyá mi ń dá gbé ní Sàngó Ọ̀tà. Mo fi bọ́tìnnì pàjáwìrì kọ́ ọ lọ́rùn: tó bá ti tẹ̀ ẹ́, fóònù mi á dún. Mo tún fi sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ̀ téèyàn bá ṣubú kún un, irú èyí tó wà lára Apple Watch láti 2018, torí ẹni tó dákú ò lè tẹ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kan, ó dún. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni mo wà l'Ábúlé-Ẹ̀gbá. Mo pe aládùúgbò wa, kíá ló débẹ̀. Màmá ló bọ́ ọ láti wẹ̀, ló bá já bọ́.

Ojú tì mí. Kí ló dé tó jẹ́ nọ́ńbà tèmi ni mo fi ṣáájú? Mo fẹ́ jẹ́ ọmọ gidi ni, mi ò ro ti ẹni tó máa tètè débẹ̀. Àmọ́ a kì í gbé ẹrù ka ẹlòmíì lórí láìbéèrè. Mo lọ bẹ aládùúgbò náà; ó gbà. Nọ́ńbà ẹ̀ ló ṣáájú báyìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra tiyín, ta ló máa sáré wá?