Khutbah Jímọ̀: Ìjẹ́rìí Lórí Àwọn Àmì Ojú Omi

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tó dá òkun àti ọ̀sà, tó sì jẹ́ kí ọkọ̀ máa rìn lórí wọn pẹ̀lú àṣẹ Rẹ̀. A ń yìn Ín, a ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí ní òdodo àfi Ọlọ́hun nìkan, kò ní orogún. A sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad, ẹrú Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni. Kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá tẹ̀lé ojú ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń sọ fún ara mi, mo sì ń sọ fún yín, pé kí a páyà Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba.

Nínú Súúrátu-n-Nahl, ní ẹsẹ̀ 15 àti 16, Ọlọ́hun Ọba ka àwọn ìdẹ̀ra kan sí wa létí: àwọn òkè tó fi ilẹ̀ múlẹ̀ ṣinṣin, àwọn odò, àti àwọn ojú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni Ó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kún un, “alāmāt”, èyíinì ni àwọn àmì. Ó sì dárúkọ ìràwọ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń mọ ọ̀nà. Ẹ kíyè sí bí Ọlọ́hun ṣe to ọ̀rọ̀ náà. Kò fún wa ní odò kí Ó sì dákẹ́. Ó fún wa ní odò, Ó fún wa ní ọ̀nà, Ó sì ka àmì mọ́ àwọn ìdẹ̀ra Rẹ̀. Nítorí náà, àmì tí a fi ń mọ ọ̀nà, ìdẹ̀ra Ọlọ́hun ni, ẹni tó bá sì bà á jẹ́, ìdẹ̀ra Ọlọ́hun ló bà jẹ́.

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú lọ sí Èkó á ti rí àwọn ohun tó dà bí àgbá ńlá tó léfòó lójú ọ̀sà, òmíràn pupa, òmíràn aláwọ̀ ewé. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi ṣe. Ní apá ibi tiwa nínú ayé, ẹni tó bá ń ti ojú òkun bọ̀ wá sínú omi ilẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ ni pupa yóò wà, àwọ̀ ewé yóò sì wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Àárín méjèèjì ni omi ti jìn tó fún ọkọ̀. Ní Amẹ́ríkà, òdìkejì èyí ni wọ́n ń lò, nítorí náà ẹni tó bá kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ́hùn-ún, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè dáadáa kí ó tó tu ọkọ̀ yín. Ẹ̀wọ̀n irin ni wọ́n fi ń so àmì náà mọ́ ohun wúwo ní ìsàlẹ̀ omi. Bí ilẹ̀ bá ṣú, iná kékeré tó wà lórí rẹ̀ ni atukọ̀ yóò máa wò.

Ṣùgbọ́n àmì kò ní ẹnu. Bí iná rẹ̀ bá kú, kò lè ké. Bí omi òjò bá kún tí ó sì já ẹ̀wọ̀n rẹ̀, tí ó gbé e lọ sí ibòmíràn, kò lè sọ pé àyè òun kọ́ nìyí. Èyí tó kúrò ní àyè rẹ̀ gan-an ló burú jù. Atukọ̀ tí kò rí àmì kankan á fa ọwọ́ ọkọ̀ sẹ́yìn, á máa rọra lọ. Ẹni tó rí àmì tó ti ṣípò á gbà á gbọ́, á sì fi gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì forí lé orí iyanrìn tàbí orí kùkùté. Ẹlẹ́rìí èké ni àmì tó ṣípò. Ẹ sì mọ ohun tí Ànábì wa, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ nípa ẹ̀rí èké. Nínú hadiisi tí Abū Bakrah gbà wá, tó wà nínú Bukhārī àti Muslim, ó ń ka àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi jù lọ fún àwọn sàábé. Ó fẹ̀yìn ti nǹkan nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ èké, ó dìde jókòó, ó sì ń tún un sọ títí tí àwọn sàábé fi ń fẹ́ kí ó sinmi.

Àmì ojú omi kò ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn, irin lásán ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni ẹni tó kọjá, tó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ó ti ṣípò, tó sì gba ilé lọ jẹun. Ní ẹsẹ̀ 283 Súúrátu-l-Baqarah, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti fi ẹ̀rí pamọ́, Ó sì sọ pé ọkàn ẹni tó bá fi í pamọ́ ti dẹ́ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ gbèsè ni ẹsẹ̀ náà ń bá bọ̀. Bí fífi ẹ̀rí owó pamọ́ bá wúwo tó bẹ́ẹ̀, báwo ni ti ẹ̀mí yóò ti rí?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ rántí àwọn tí omi gbé lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn ènìyàn Patigi ní ìpínlẹ̀ Kwara ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ láti Egboti lórí odò Ọya, lóru. Igi tó wà nínú omi ni ọkọ̀ wọn kọlù. Ẹni tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló kú. Ní alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ tó kó nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn dànù ní ẹ̀gbẹ́ Gbajibo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Mokwa. Ayẹyẹ Máólúdì ni wọ́n ń lọ, àwọn ìyá àti àwọn ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ní agbègbè Malale ní Borgu, àwọn tó ń lọ kí ẹni tó ṣọ̀fọ̀ kọlu kùkùté igi lábẹ́ omi, àwọn fúnra wọn sì di ẹni tí à ń ṣọ̀fọ̀ wọn. Ọdún 1968 ni wọ́n parí odi ìsédò Kainji ní Borgu yìí. Nígbà tí omi bo ilẹ̀ náà, ó bo igi tó wà lórí rẹ̀. Kùkùté tí ojú kò rí ń bẹ lábẹ́ omi títí dòní.

Mi ò sọ pé àìsí àmì nìkan ló pa gbogbo wọn. Èrò àpọ̀jù wà níbẹ̀, ìrìn òru wà níbẹ̀, àìwọ ẹ̀wù amúniléfòó náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kùkùté tí àwọn apẹja abúlé kan mọ ibi tó wà, tí wọ́n ń yẹ̀ fún lójoojúmọ́, tí àjèjì kò mọ̀, àmì kan ṣoṣo ni ì bá sọ ọ́ fún un.

Òmíràn nínú wa á sọ lọ́kàn rẹ̀ pé: Ìmáàmù, Agége la wà. Ojú irin la mọ̀, ariwo Pen Cinema la mọ̀. Odò wo ló wà níbí tí ọkọ̀ ń gbà? Mo dá a lóhùn pé ilẹ̀ àríwá tí àwa Yorùbá ń pè ní Òkè Ọya, odò yìí gan-an la fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn ará wa Hausa àti Nupe tí wọ́n ń bá wa kírun ní sàfú kan náà, ilé ni wọ́n ń lọ nígbà ọdún, àwọn kan nínú wọn á sì wọ ọkọ̀ ojú omi kí wọ́n tó rí ìyá wọn. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù tí wọ́n sì ń gbé Ìkòròdú, ojú ọ̀sà ni ọ̀nà wọn.

A sì gbọ́ nínú ìtàn Sayyidunā ‘Umar, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, pé ó sọ pé bí ẹran ọ̀sìn kan bá fẹsẹ̀ kọ ní ẹ̀bá odò Furáátì, ẹ̀rù ń ba òun pé Ọlọ́hun yóò bi òun léèrè ìdí tí òun kò fi tún ọ̀nà ṣe fún un. Ẹ rò ó. Madīnah ni ‘Umar ń gbé. Odò Furáátì wà ní Irāq, ìrìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ lórí ràkúnmí. Ẹran ọ̀sìn ló sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún kan àwa ará agbègbè yìí gidigidi, mi ò sì ní fi bò. Àmì ojú omi ní irin lára, ó ní ẹ̀wọ̀n, ó ní bátìrì, ó ní ohun tó ń gba agbára oòrùn. Ẹni tó bá tú wọn kì í jẹ irin. Yóò tà á, ẹni tó ń ra irin àlòkù yóò gbé e sórí ìwọ̀n, ọkọ̀ ńlá yóò kó o dé ilé ìyọ́rin. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra irin àlòkù ní Agége àti ẹ̀yìn odi rẹ̀, ẹ béèrè ibi tí ẹrù ti wá. Ẹ̀wọ̀n tí ìdin ojú omi ṣì lẹ̀ mọ́ lára kì í ṣe ẹ̀wọ̀n ajá. Èrè orí ẹrù bẹ́ẹ̀, harāmu ni, bí o tilẹ̀ fi kọ́ ilé-kéwú.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, Aláforíjìn, Aláàánú ni Òun.

KHUTBAH KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ikẹ́ àti ọlà máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, Ànábì wa sọ fún wa nípa ọkùnrin kan tó rí ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún lójú ọ̀nà, tó mú un kúrò, tí Ọlọ́hun sì torí rẹ̀ dárí jì í. Ọkùnrin náà kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹnikẹ́ni kò sì san owó fún un. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ wà lórí omi lónìí. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1939, ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Coast Guard Auxiliary. Aráàlú tó yọ̀ǹda ara wọn ni wọ́n, wọn kì í gba owó oṣù. Nínú iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n máa yẹ àwọn àmì wò: èyí tí iná rẹ̀ kú, èyí tó ṣípò, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, wọn á kọ ọ́ sílẹ̀, wọn á fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ni iṣẹ́ náà. Àwọn tí kì í ṣe mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wọn. Kí ló wá dá àwa dúró, tí a ní hadiisi ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún lọ́wọ́?

Omi tiwa tilẹ̀ ń fẹ́ irú ojú bẹ́ẹ̀ ju tiwọn lọ. Láti Warri dé Baro, kìlómítà 572 ni wọ́n ka ọ̀nà odò Ọya sí. Bí ìkún omi bá ti lọ, iyanrìn á ti pààrọ̀ àyè, ibi tó jìn lọ́dún tó kọjá á ti di etí omi. Kò sí òṣìṣẹ́ tó lè wà níbi gbogbo. Ẹni tó ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́ ló máa kọ́kọ́ rí i.

Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí, kí ó jẹ́ ẹ bí ó ṣe yẹ. Kọ ọjọ́ àti àkókò. Sọ èbúté tí o ti kúrò àti èyí tí ò ń lọ, àwọ̀ àmì náà, àti nọ́ńbà ara rẹ̀ bí o bá rí i kà. Fóònù ọwọ́ rẹ mọ ibi tí o wà, jẹ́ kí ó bá ọ tọ́ka rẹ̀. Ya fọ́tò bí ó bá ṣeé ṣe láìdìde dúró nínú ọkọ̀. Ohun tí ojú rẹ rí ni kí o sọ, má fi èyí tí o gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn kún un, nítorí ẹsẹ̀ 6 Súúrátu-l-Hujurāt pa á láṣẹ pé kí a wádìí ìròyìn kí a má baà ṣe àwọn ènìyàn ní ibi nínú àìmọ̀. Má sì fi ọwọ́ ara rẹ sún àmì náà padà o, bí ó ti wù kí ó dá ọ lójú tó. Atukọ̀ ni kí o kọ́kọ́ sọ fún, kí ó lè sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Lẹ́yìn náà, fi tó ìjọba létí. NIWA, tí òfin ọdún 1997 dá sílẹ̀, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́ja, ni ti ìjọba àpapọ̀. LASWA, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008, ni ti ìpínlẹ̀ Èkó. Wọ́n ti bá ara wọn dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ lórí ẹni tó ni àkóso omi, wọ́n sì dá ẹjọ́ náà fún NIWA ní oṣù kìíní ọdún 2024. Tìwọ ni pé kí o sọ fún méjèèjì. Ẹni tó ń rì kò bìkítà ẹni tó jàre.

Ẹnìkan á ní: mo ti sọ ọ́ rí, wọn kò ṣe nǹkan kan. Ẹ wo Ànábì Mūsā nínú Súúrátu-l-Kahf. Ó ti ṣèlérí fún ẹni tó ń tẹ̀lé pé òun kò ní béèrè ohunkóhun. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé wọ́n lu ọkọ̀ àwọn tálákà jo, kò lè pa á mọ́ra. Ọ̀rọ̀ àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Òótọ́ ni pé Ọlọ́hun ti fún ẹni náà ní ìmọ̀ tí Mūsā kò ní. Àwa kò ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá rí ni a ó sọ, bí wọn kò bá sì dáhùn, a ó tún un sọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gba ojú ọ̀sà lọ síbi iṣẹ́, àti ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń lọ Òkè Ọya, ẹ má tètè lọ lẹ́yìn ìrun. Akọ̀wé mọ́ṣáláṣí wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìwé. Kí ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ yìí kọ orúkọ rẹ̀ àti ọ̀nà tó máa ń gbà. Ẹni tí kò mọ ìwé kọ, ọmọ kéwú yóò bá a kọ ọ́.

Ọlọ́hun, foríjin àwọn òkú wa ní Patigi, ní Gbajibo àti ní Malale, sì jẹ́ kí ikú omi tí wọ́n kú jẹ́ ikú ṣàhíídì fún wọn. Ọlọ́hun, tu àwọn ìyá tí kò rí òkú ọmọ wọn sin nínú. Ọlọ́hun, mú àwọn tó wà lójú omi ní wákàtí yìí gúnlẹ̀ láyọ̀. Ọlọ́hun, fún àwọn tí a fi iṣẹ́ omi lé lọ́wọ́ ní etí tó ń gbọ́, kí O sì fún àwa ní ahọ́n tí kì í ṣàárẹ̀. Āmīn.

Ẹ dìde fún ìrun.