Sùúrù ni àna wa



Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá dá Ifá lọ́dọ̀ mi. Ó ní ayé ló ń ṣe òun: tóun bá sún mọ́ ìyàwó òun, ara òun ò dáhùn, àfi tóun bá wo fíìmù ìhòhò lórí fóònù. Mo dá Ifá. Ifá ò bá ayé wí. Mo bi í pé ìgbà wo ló ti ń wò ó. Ó ní láti ọmọ ọdún 13.

GSM wọ Nàìjíríà lọ́dún 2001. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹni tó fẹ́ wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ á yá kásẹ́ẹ̀tì ní bòókẹ́lẹ́, á dúró kí ilé dá. Ìtìjú ń ṣọ́ ọ. Lónìí, abẹ́ aṣọ ìbora lọmọ ti ń wò ó.

Ẹ rántí ìtàn Ọ̀rúnmìlà àti Ìwà, aya rẹ̀. Ó lé e lọ, iyì bá a lọ. Ta ló bí Ìwà? Sùúrù ni. Ẹni tó bá fẹ́ Ìwà, Sùúrù làna rẹ̀. Obìnrin inú fóònù ò ní àna, kì í rẹ̀ ẹ́, kì í bínú, kì í sọ pé rárá. Ọmọ tó bá kọ́ ìfẹ́ níbẹ̀, báwo ló ṣe máa ní sùúrù fún aya tòótọ́?

Mo ní kó gbé fóònù kúrò ní yàrá, kó sọ òtítọ́ fún ìyàwó rẹ̀, kó sì rí dókítà. Ẹ̀yin òbí, ẹ bá ọmọ yín sọ ọ́ kí fóònù tó bá a sọ ọ́.