Ẹni tí ó Wọ Aṣọ Mẹ́sàn-án



Ìbéèrè kan wà tí ó le ju bí ó ti rí lójú lọ. Bí ènìyàn bá fi ibi iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí ó lọ sí òmíràn, tí ó tún fi èyíinì sílẹ̀ lọ sí ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, títí tí a kò fi lè fi ìka ọwọ́ kan ka iye wọn mọ́, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a pè é ní aláìṣòótọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò yára dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. A fẹ́ràn ẹni tí ó dúró. Ẹni tí ó sin ọ̀gá kan fún ọgbọ̀n ọdún, a ó yìn ín ní ọjọ́ tí ó bá fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ibi mẹ́sàn-án, ìfura ni a ó máa fi wò ó, bí ẹni pé ohun kan wà tí ó ń lé e kiri.

Mo fẹ́ kí a yẹ ọ̀ràn yìí wò nípa ìgbésí ayé agbábọ́ọ̀lù kan, nítorí pé lórí pápá bọ́ọ̀lù ni ohun tí ó fara sin ní ibi iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn ti máa ń hàn kedere. Gbogbo ayé ni ó ń wo aṣọ tí ọkùnrin náà wọ̀. Gbogbo ayé ni ó sì mọ ọjọ́ tí ó bọ́ ọ.

Juan Cuadrado ni orúkọ rẹ̀. Ní 26 May 1988 ni a bí i ní Necoclí, ìlú kan létí òkun ní ẹkùn Urabá, ní ilẹ̀ Kòlóḿbíà. Ilẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni Urabá. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún tí à ń wí yìí, ilẹ̀ ìbọn ni pẹ̀lú, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ oníjàgídíjàgan ń jà lórí rẹ̀, àwọn tálákà ni wọ́n sì ń pa jù. Wọ́n pa bàbá ọmọ yìí nígbà tí kò tíì tó ọmọ ilé-ìwé. A gbọ́ pé abẹ́ ibùsùn ni ó sá sí nígbà tí ìbọn ń dún, gẹ́gẹ́ bí àwọn òbí rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ ni ó tọ́ ọ dàgbà, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń di ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú páálí kí ọmọ lè rí jẹ. Kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè ìdí tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò fi jókòó sí ojú kan, kí ó kọ́kọ́ rántí irú ojú kan tí a bí i sí.

Ẹgbẹ́ Independiente Medellín ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde ní 2008. Ní 2009 ó kọjá sí Udinese ní ilẹ̀ Ítálì, níbi tí kò ti fi bẹ́ẹ̀ rí ààyè gbá bọ́ọ̀lù. A yá a fún Lecce ní 2011, ẹgbẹ́ náà sì já sí ipò kejì ní ọdún náà gan-an. Ní 2012 a yá a fún Fiorentina, ibẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. Ní February 2015 Chelsea ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù rà á ní owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 23 pọ́n-ùn; kí oṣù August tó parí a ti yá a fún Juventus ní ìlú Turin, ó sì lo ọdún mẹ́jọ níbẹ̀. Ní 2023 ó lọ sí Inter ní Milan, ní 2024 sí Atalanta ní Bergamo, ní 2025 sí Pisa. Aṣọ mẹ́sàn-án nìyẹn, láìka ti ilẹ̀ baba rẹ̀.

Ẹ kíyèsí àwọn ọ̀rọ̀ tí mo ti ń lò láti òkè wá: a rà á, a yá a. Ọkọ́ ni à ń yá, àdá ni à ń yá. Ẹran ni à ń rà lọ́jà. Nígbà tí Chelsea ra Cuadrado, wọ́n yá Mohamed Salah, ọmọ Íjíbítì, fún Fiorentina ní ìparọ̀, kò sì sí ẹni tí etí rẹ̀ gún nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn àwọn baba wa yóò rántí ìwọ̀fà, ẹni tí a fi dúró nítorí owó, tí ó ń ṣiṣẹ́ lóko olówó títí a ó fi san gbèsè. Èmi kò wí pé ìwọ̀fà ni agbábọ́ọ̀lù tí ń gba owó gọbọi. Ẹ̀gàn ni yóò jẹ́ fún àwọn tí ó jẹ ìyà náà ní tòótọ́. Ọ̀pọ̀ ìwọ̀fà ni a kì í bèèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n fẹ́ tàbí wọn kò fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni agbábọ́ọ̀lù fi ọwọ́ ara rẹ̀ sí ìwé. Síbẹ̀ ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní gbogbo ìgbà tí àwọn olówó ń gbé ọmọkùnrin yìí láti ìlú kan dé èkejì, kò sí ẹni tí ó pe Udinese ní aláìṣòótọ́, kò sì sí ẹni tí ó bèèrè bóyá Chelsea jẹ ẹ́ ní gbèsè sùúrù.

Bẹ́ẹ̀ ni sùúrù ni ó sì ṣe aláìní níbẹ̀. Ìdíje 15 ni ó bá Chelsea gbá, kò sì gbá góòlù kan ṣoṣo wọlé. Bí a bá fi èyí nìkan ṣe ìdájọ́, a ó ní aláìlera ni, owó ṣòfò lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 31 October ọdún kan náà, nígbà tí Juventus tí ó ti kọsẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ń bá Torino, ará ìlú wọn, figagbága, tí àkókò ti tán, tí ó jẹ́ pé àfikún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó kù, Cuadrado yìí kan náà ni ó ti bọ́ọ̀lù wọlé tí wọ́n fi borí pẹ̀lú góòlù 2 sí 1. Láti ọjọ́ náà ni Juventus ti gbéra. Àwọn ni ó gba ipò kìíní ní Ítálì ní 2016, wọ́n sì gbà á ní ọdún mẹ́rin tí ó tẹ̀lé e. Ẹsẹ̀ kan náà ni, ọkàn kan náà ni. Ilé ni ó yàtọ̀. Nítorí náà ni mo fi rò pé ẹni tí ó bá ní kí ènìyàn máa dúró níbi tí kò ti wúlò, kí a lè pè é ní olóòótọ́, kò mọ ohun tí òótọ́ jẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà kò parí síbẹ̀, apá tí ó kàn yìí ni ó sì mú mi gbé kálàmù.

Ní 3 June 2017, ní ìlú Cardiff, Juventus bá Real Madrid gbá àṣekágbá ife Champions League. Wọ́n mú Cuadrado wọlé ní ìdajì kejì. Kò pẹ́ tí rẹfirí fi fún un ní káàdì ìkìlọ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ara kan Sergio Ramos fẹ́ẹ́rẹ́, Ramos sì ṣubú lulẹ̀ bí ẹni tí ìbọn bà. Káàdì kejì jáde, pupa sì tẹ̀lé e. Juventus pàdánù, 4 sí 1. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti wà lẹ́yìn kí ó tó jáde, ìrora ẹni tí a lé kúrò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀sùn tí kò tó nǹkan kì í ṣe ohun tí à ń gbàgbé.

Ní 15 May 2021, Juventus ń bá Inter gbá ní Turin. Bí wọn kò bá borí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n pàdánù ààyè wọn nínú ìdíje Yúróòpù ti ọdún tí ń bọ̀. Góòlù 2 sí 2 ni. Àkókò ń lọ. Cuadrado kó ara rẹ̀ lu ẹsẹ̀ Ivan Perišić nínú àpótí, ó ṣubú, rẹfirí sì fún wọn ní pẹ́nárítì. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbá a wọlé. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹni tí ó wò ó, àti ní Ítálì àti ní òde rẹ̀, wí pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí líìgì parí, máàkì kan ṣoṣo ni Juventus fi ju Napoli lọ.

Ta ni ó ṣe é fún? Fún aṣọ tí ó wọ̀ ni. Bí a bá ní kí a wọn òótọ́ nípa ìfẹ́ tí ènìyàn ní sí ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sí ọjọ́ tí ó jẹ́ olóòótọ́ sí Juventus ju ọjọ́ náà lọ. Ẹni tí ó mọ bí ó ti ń dun ni láti jìyà nítorí ìṣubú ẹlòmíràn ni ó ṣubú fún àǹfààní àwọn tirẹ̀. Mo rí i nínú èyí pé ìfẹ́ ilé ẹni lè sọ ni di ẹni tí kò ní ṣe ohun kan náà bí ó bá dá wà. Ẹni tí kò jẹ́ jí kọ́bọ̀ fún ara rẹ̀ a máa purọ́ fún ẹgbẹ́, a máa yí ìwé owó fún ẹbí, ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ a sì dákẹ́, nítorí pé kì í ṣe àpò ara rẹ̀ ni ó kó o sí.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Inter.

Kò sí ẹni tí ó tà á nígbà yìí. Kí ọdún 1995 tó parí, bí àdéhùn agbábọ́ọ̀lù tilẹ̀ ti tán, ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì lè gba owó lórí rẹ̀. Jean-Marc Bosman, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, ni ó gbé ẹjọ́ náà dìde, tí ilé ẹjọ́ gíga Yúróòpù fi dájọ́ ní 15 December 1995 pé ìdè náà kò tọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ ìdájọ́ náà, nígbà tí àdéhùn Cuadrado parí ní 2023, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi rìn jáde, ìgbà náà gan-an ni ariwo sì ta. Inú àwọn olólùfẹ́ Juventus kò dùn, nítorí pé ọ̀tá ni ó lọ bá. Inú àwọn ti Inter kò dùn pẹ̀lú, nítorí pé wọn kò gbàgbé May 2021. Ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Nígbà tí a ń gbé e kiri bí ẹrù, olóòótọ́ ni. Ní ọjọ́ tí ó yan ọ̀nà ara rẹ̀, ó di ọ̀dàlẹ̀. Èyí kò bá ìdájọ́ òdodo mu, èmi kò sì lè fara mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n èmi kò ní tan àwọn olólùfẹ́ náà dànù gẹ́gẹ́ bí òmùgọ̀. Ẹni tí ó fi owó oṣù rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí ó fi orúkọ ọkùnrin náà sí ẹ̀yìn aṣọ ọmọ rẹ̀, ti fún un ní ohun kan tí a kò kọ sínú àdéhùn. Gbèsè wà níbẹ̀. Mo rò pé kì í ṣe gbèsè dídúró títí ayé. Gbèsè kí ó sá eré rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára títí di ọjọ́ ìkẹyìn ni, àti kí ó má sọ ọ̀rọ̀ àbùkù sí ilé tí ó ti jẹun. Ní ti èyí, a kò rí àléébù púpọ̀ lára rẹ̀. Nígbà tí Cristiano Ronaldo dé Juventus ní 2018, nọ́ńbà 7 wà lẹ́yìn Cuadrado. Ó bọ́ ọ fún àlejò náà, ó sì mú òmíràn. Iṣẹ́ ẹni tí ń sá ẹ̀gbẹ́ pápá náà ni fífi fún ẹlòmíràn. Nínú Ife Àgbáyé ti 2014 ní Bràsíl, a rántí góòlù 6 tí James Rodríguez gbá wọlé. Àwọn díẹ̀ ni ó rántí pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni bọ́ọ̀lù láti ẹsẹ̀ Cuadrado di góòlù fún ẹlòmíràn, tí Kòlóḿbíà fi dé ìpele kẹjọ́ àwọn ẹgbẹ́ tí ó kù, èyí tí wọn kò dé rí.

Aṣọ ti Kòlóḿbíà yìí ni ẹnikẹ́ni kò lè rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2010, ó sì ti wọ̀ ọ́ ju ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ, láti Udine, láti Florence, láti Lọ́ńdọ̀nù, láti Turin. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Ọmọ ọdún 37 ni nígbà tí ó dé Pisa ní 2025. Ẹgbẹ́ kékeré ni Pisa, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí ipò kìíní ní Ítálì nígbà náà lẹ́yìn ọdún 34. Nígbà tí wọ́n wà ní ipò náà kẹ́yìn, ní May 1991, Cuadrado ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́ta ní Urabá, bàbá rẹ̀ sì wà láàyè.