Ohun Rere Tí Kò Dé Ọ̀dọ̀ Ẹni Tí Ó Ni Ín

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Aṣàkẹ́-ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun tí ó dá ènìyàn ní ìṣẹ̀dá tí ó gún régé. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, à ń sọ àsọọ́lẹ̀ fún ara wa kí á tó sọ ọ́ fún yín, pé kí á páyà Ọlọ́hun. Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni èyí: bí ènìyàn bá ṣe ohun rere, tí ohun náà kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ sí i, ǹjẹ́ ó ti jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an bí?

Ìbéèrè yìí kò jìnnà sí wa. Ní ọdún kan, lẹ́yìn ìrun ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, a ṣí yàrá tí a kó oúnjẹ sàká sí. A bá àpò ìrẹsì àti àgbàdo nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni opó kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí mọ́sálásí kò rí nǹkan kan gbà. Àwọn tí ó mú oúnjẹ wá mú un wá pẹ̀lú ọkàn mímọ́. Àwa tí a gbà á kò jí i. Ṣùgbọ́n a kò kọ orúkọ ẹni kankan sí àpò kankan. Ẹni tí ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ni ó rí gbà, àwọn mìíràn gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Àforíjìn Ọlọ́hun ni à ń tọrọ.

Irú ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ara wa pàápàá. Ní ọdún 1955, Christian de Duve, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, fi yé aráyé pé àpò kéékèèké kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì, tí ó ń lọ ohun tí ó ti gbó kúnná, kí ara lè tún un lò. Láísósóòmù ni orúkọ tí ó sọ ọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ inú àpò yìí, tí à ń pè ní ẹ́ńsáìmù, lé ní àádọ́ta oríṣi. Ibòmíràn nínú sẹ́ẹ̀lì ni a ti ń rọ wọ́n, a sì gbọ́dọ̀ gbé wọn dé ibi iṣẹ́ wọn. Báwo ni wọn kò ṣe ṣìnà?

Lójú ọ̀nà, ní ibi tí à ń pè ní Golgi, a máa ń fi àmì kan sí wọn lára. Mannose-6-phosphate ni orúkọ àmì náà. Oríṣi olùgbà méjì ni ó ń dúró dè é. Bí olùgbà bá ti dá àmì yìí mọ̀, yóò di ẹ́ńsáìmù mú, wọn yóò sì jọ wọ ọkọ̀ kékeré tí ó ń lọ sí ọ̀nà láísósóòmù. Bí wọ́n bá dé ibi tí omi ibẹ̀ ti kan ju ti ẹ̀yìn lọ, ọwọ́ olùgbà yóò tú. Yóò jẹ́ kí ẹ́ńsáìmù máa lọ, òun yóò sì padà lọ gbé òmíràn.

Ní ọdún 1967, Leroy àti DeMars ṣàpèjúwe sẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọ tí ó ní àìsàn kan tí à ń pè ní I-cell. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í dàgbà. Láísósóòmù wọn kún fọ́fọ́ fún ohun tí kò rí ẹni lọ̀ ọ́. Ènìyàn yóò rò pé ara wọn kò rọ ẹ́ńsáìmù ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́: ẹ́ńsáìmù wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ó tilẹ̀ pọ̀ ju ti ẹni tí ara rẹ̀ dá lọ. Ní ọdún 1972, Hickman àti Elizabeth Neufeld ṣàlàyé pé àmì ìdánimọ̀ ni kò sí lára àwọn ẹ́ńsáìmù náà. Òṣìṣẹ́ pọ̀ níta, iṣẹ́ sì bàjẹ́ nílé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kí ó ní ẹ̀ṣẹ̀ òbí rẹ̀ ni ó ń jẹ. Bàbá àti ìyá ni ó jọ ń gbé àbùkù náà láìmọ̀, nígbà tí ara àwọn méjèèjì dá ṣáṣá. Àdánwò ni. Àánú àti ìrànlọ́wọ́ ni ẹ̀tọ́ wọn lórí wa.

Ẹnìkan lè bi wá pé: “Ááfà, ṣé kì í ṣe aníyàn ni Ọlọ́hun ń wò?” Òdodo ni. Ẹni tí ó mú ìrẹsì rẹ̀ wá, a nírètí pé ẹ̀san rẹ̀ kò ní sọnù. Ṣùgbọ́n aníyàn wa kò yó opó. Ẹ̀tọ́ méjì ni ó wà nínú sàká: ẹ̀tọ́ Ọlọ́hun, èyí tí aníyàn ń fọ̀ mọ́, àti ẹ̀tọ́ aláìní, èyí tí kò lè pé àfi bí ó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí Ọlọ́hun fi ka ìsọ̀rí mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí nínú Suuratu Tawbah, aaya 60, tí Ó sì pa á láṣẹ nínú Suuratu Nisaa, aaya 58, pé kí ohun ìfọkàntán dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ni ín.

Ìyàtọ̀ ńlá sì wà láàárín àwa àti olùgbà inú sẹ́ẹ̀lì. Bí a ti dá a ni ó ń ṣe, nítorí náà a kì í yìn ín, a kì í sì í bá a wí. Ṣùgbọ́n Suuratu Ahzaab, aaya 72, fi yé wa pé sánmọ̀, ilẹ̀ àti àwọn òkè kọ̀ láti ru ìfọkàntán, ènìyàn ni ó rù ú. Bí olùgbà bá kùnà, àìsàn ni. Bí àwa bá di ohun ẹlòmíràn mú, ìjàǹbá ni. Bí a kò bá sì wá ẹlẹ́tọ̀ọ́ kàn, àìbìkítà ni, a ó sì bi wá léèrè ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á mọ ẹni tí ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa tọ́ sí. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí á tú ọwọ́ wa sílẹ̀ láìretí ìyìn. Lẹ́yìn náà, kí á padà lọ gbé òmíràn. Láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, ìwé kan yóò wà lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn ìrun. Ẹ wá sọ orúkọ opó, ọmọ òrukàn àti aláìsàn àdúgbò yín fún wa ní ìkọ̀kọ̀, kí ojú má baà tì wọ́n. Orúkọ opó tí a gbàgbé lọ́jọ́sí ni a kọ́kọ́ kọ sí i.

Kí Ọlọ́hun dárí jì wá, kí Ó fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn, kí Ó sì má ṣe jẹ́ kí ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni kú mọ́ wa lọ́wọ́. Àmín.