Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, tí wọ́n ṣí ní 1979, ni òwe yìí ti ń fojú hàn kedere. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kì í gbà ju kílò 23 lọ nínú àpótí kan. Ẹni tí kò wọn ẹrù nílé, ojú èrò ni yóò ti tú u: èlùbọ́ níhìn-ín, ańkárá lọ́hùn-ún, ó sì ń pe àbúrò rẹ̀ pé kó má tíì wa mọ́tò lọ.

Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀. Láti oṣù Kẹjọ 2006, tí ọlọ́pàá Ìlú Ọba tú àṣírí àwọn tó fẹ́ fi bọ́ǹbù olómi ba bàálù jẹ́, ni òfin ti le lórí ohun olómi. Mílílítà 100 péré ni ìgò inú báàgì ọwọ́ sábà máa ń gbà. Òfin ò bìkítà pé ìyá ẹni ló se ọbẹ̀ náà.

Ẹran gbígbẹ ńkọ́? Aṣọ́bodè Amẹ́ríkà yóò gbẹ́sẹ̀ lé e.

Ọjọ́ ìrìn-àjò náà a sì máa gùn. Nígbà òtútù, aago Atlanta fi wákàtí 6 rẹ̀yìn sí ti Èkó, nítorí náà ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹni tó ń lọ síbẹ̀ lè pé wákàtí 30. Afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ, oorun kì í dùn lórí ìjókòó, fóònù á sì ti kú kí wọ́n tó balẹ̀. Ìgbà náà gan-an ni òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú máa ń béèrè àdírẹ́sì ibi tí àlejò fẹ́ dé sí. Ẹni tó ti kọ ọ́ sínú ìwé láti ilé kàn ń nawọ́ sápò ni.