Ọfà Zeno àti Iye Àwòrán Tó Tó Ojú Èèyàn

Ẹni tó bá ti ní kọ̀ǹpútà alágbára, tí káàdì gráfíìkì inú rẹ̀ ń pèsè ju ọgọ́rùn-ún àwòrán lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò bá ìbéèrè kan pàdé tí àwọn tó ń ta mọ́nítọ̀ kì í dáhùn: ta ni gbogbo àwòrán wọ̀nyí wà fún? 144 Hz wà lórí àtẹ, 240 wà, 360 wà, 540 náà ti dé. Iye ìgbà tí mọ́nítọ̀ lè pààrọ̀ àwòrán ojú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni nọ́ńbà wọ̀nyí ń sọ. Ó jọ ọ̀rọ̀ ọjà lásán, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ ti wà kí iná mànàmáná tó dé ayé: kí ni ìrìn, ibo ló sì wà?

Ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Jésù, Zeno ará Elea gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ tí Aristotle tọ́jú fún wa nínú ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Physics. Ó ní bí a bá mú ìgbà kan ṣoṣo nínú gbogbo àkókò tí ọfà fi ń fò, ọfà náà dúró sójú kan ni, nítorí àyè tó gbà nígbà náà kò ju gígùn ara rẹ̀ lọ. Bó bá sì dúró báyìí nígbà gbogbo, nígbà wo ló ń rìn? Aristotle kò gbà. Ó ní àkókò kì í ṣe àkójọ àwọn ìgbà kéékèèké tí kò ṣeé pín mọ́. Mo gbà pé Aristotle jàre ní ti ọfà tí ọdẹ ta. Ṣùgbọ́n ní ojú mọ́nítọ̀, Zeno ló jàre pátápátá. Ọfà inú géèmù kò rìn rí. Àwòrán kan dúró gbọn-in, òmíràn rọ́pò rẹ̀, ìyẹn náà dúró. Ní 1912, Max Wertheimer, onímọ̀ ìrònú èèyàn ní Jámánì, fi hàn pé bí ìlà méjì tí kò kúrò lójú kan bá ń hàn tẹ̀léra wọn kíákíá, ìrìn ni ènìyàn yóò rí. Àwòrán 24 péré ni sinimá ń gbé kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ à ń sunkún tẹ̀lé e. Ẹni tó ń wò ló ń parí iṣẹ́ náà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wò, àti nínú ohun tó ń fi ojú rẹ̀ ṣe, la ti gbọ́dọ̀ wá ìwọ̀n ohun tó tó, kì í ṣe nínú agbára ẹ̀rọ.

Àwọn kan á yára sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, 60 Hz ti tó, nítorí ojú èèyàn kò lè rí ju ìyẹn lọ. Irọ́ ni, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ wo ìdí tó fi jẹ́ irọ́. Ìwádìí kan tó jáde nínú Scientific Reports ní 2015 fi hàn pé èèyàn lè mọ̀ ọ́n lára pé ìmọ́lẹ̀ ń ṣẹ́jú títí dé 500 Hz, bí ohun tí wọ́n ń wò bá ní etí tó hàn kedere. Èyí tó tún yé mi jù ni ti ojú tó ń tẹ̀ lé nǹkan. Ká ní ọ̀tá kan ń sáré kọjá nínú géèmù, tó ń gba 960 píksẹ́lì kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú wa ń yí tẹ̀ lé e láìdúró, ṣùgbọ́n àwòrán 60 Hz dúró sójú kan fún nǹkan bíi mìlísẹ́kọ́ńdì 17. Láàárín àsìkò yẹn, ojú ti sún síwájú, àwòrán kò sún, ọ̀tá náà á wá fẹ̀ ní píksẹ́lì 16 lójú wa. Ní 120 Hz, 8 ni. Ní 240, 4. Kódà mọ́nítọ̀ OLED, tí píksẹ́lì rẹ̀ ń yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò bọ́ nínú èyí ní 60 Hz. Kò sí àbùkù lára gíláàsì náà. Inú ojú wa ni àwòrán náà ti fẹ̀, nítorí pé ojú wa jẹ́ ojú tó ń lépa.

Ṣé ká máa ra èyí tó ga jù nìyẹn? Ìṣirò kò gbè é lẹ́yìn. Láti 60 sí 120, mìlísẹ́kọ́ńdì 8.3 ló dín kù lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan. Láti 120 sí 240, 4.2; láti 240 sí 480, 2.1. Bí èrè ti ń di ìlàjì ni iṣẹ́ tí a ń bù fún kọ̀ǹpútà ń di ìlọ́po méjì. Kọ̀ǹpútà tó lè fún géèmù Valorant ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan àwòrán lè má fún géèmù Cyberpunk 2077 ní 90 lórí mọ́nítọ̀ 4K, bí a bá tan gbogbo ètò ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ìmọ̀ ẹ̀rọ G-Sync tó dé ní 2013 àti FreeSync tó tẹ̀ lé e ti fi èyí hàn: mọ́nítọ̀ ló wá ń dúró de kọ̀ǹpútà, tó ń pààrọ̀ àwòrán nígbà tí àwòrán bá dé.

Àtakò tó le jù kò tíì wáyé. Ojú máa ń mọ́ra. Ẹni tó bá lo 240 fún oṣù kan yóò rí 60 tó tẹ́ ẹ lọ́rùn tẹ́lẹ̀ bí ohun tó ń ta gìrì. Bí ìwọ̀n bá wà lọ́dọ̀ èèyàn, tí èèyàn sì ń yí padà, ṣé ìwọ̀n náà ṣì ni? Mo rò pé Epicurus, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, ti ràn wá lọ́wọ́ níbí, nígbà tó ya ìfẹ́ tí ìṣẹ̀dá pààlà fún, bí ebi, sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò lópin, bí òkìkí. Ìfẹ́ láti rí ọ̀tá tó ń sáré kedere ní òpin, nítorí iṣẹ́ kan pàtó ló wà fún: bí ojú bá ti lè tẹ̀ lé e tí ọwọ́ sì lè dáhùn, ó parí. Ìfẹ́ nọ́ńbà kò ní òpin, torí nọ́ńbà kò ní ibi tí í parí sí. Àwọn kan wà tí wọ́n ra mọ́nítọ̀ 144 Hz, tí Windows sì fi sí 60, tí wọn kò ṣí ibi ètò rẹ̀ wò, tí inú wọn sì ń dùn. Ayọ̀ wọn kì í ṣe ẹ̀tàn, àmọ́ ayọ̀ níní ni. Ojú wọn kò bá wọn pín nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó ń gbá Counter-Strike 2 lójú ìdíje ní ẹ̀tọ́ sí 240 tàbí 360, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní onínàákúnàá. Ẹni tó fẹ́ràn géèmù onítàn, kó mú 120 tàbí 144 tó ní FreeSync tàbí G-Sync, kó sì fi owó tó kù wá mọ́nítọ̀ tí dúdú rẹ̀ dúdú dáadáa.